ÈWO NI KÍ Á RÀ? ÀRÍYÀNJIYÀN ÀWỌN Ọ̀DỌ́ LÓRÍ Ẹ̀RỌ GÉÈMÙ TUNTUN

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí nínú ilé yín. Ọmọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò kó ara wọn jọ, ohùn wọn yóò ròkè. Ẹnì kan yóò ní PlayStation ni baba gbogbo wọn. Èkejì yóò ní Xbox lágbára jù ú lọ. Ẹ̀kẹta yóò sì ní àwọn méjèèjì ti di ọ̀rọ̀ àná láti ìgbà tí Nintendo ti gbé Switch 2 jáde. Bí ẹ bá gba títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ kọjá, láti Lẹ́kì Phase 1 dé Jakande, kí ẹ dé Ajah títí lọ dé Sàngótẹ̀dó, ẹ óò bá àríyànjiyàn yìí ní ẹnu géètì ẹ́sítéètì, nínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, àti ní iwájú ilé géèmù.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà máa ń rẹ́rìn-ín, a ó sì ní kí wọ́n lọ ka ìwé wọn. Ó dára kí wọ́n ka ìwé wọn lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó ilé wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń yan ọ̀rẹ́ àti bí ó ṣe ń pín nǹkan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ náà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí ọdún parí, tí ọmọ bá wá kúnlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, èyí ni mo fẹ́," òbí ni yóò san owó náà. Ẹni tí yóò san owó yẹ kí ó mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

OHUN TÍ Ó DÁ ÀRÍYÀNJIYÀN SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Nintendo ti orílẹ̀-èdè Japan gbé Switch 2 jáde. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré, wọ́n ti ta ju mílíọ̀nù 3.5 lọ káàkiri àgbáyé. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ náà jẹ́ 449.99 dọ́là. Oṣù méje ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Sony ti gbé PS5 Pro tirẹ̀ jáde ní 699.99 dọ́là. Microsoft, tí ó ni Xbox, fi owó lé èyí tí ó ti wà lọ́jà láti ọdún 2020. Xbox Series X tí ó jẹ́ 499.99 dọ́là nígbà náà di 599.99 ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó sì di 649.99 ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Sony pàápàá fi 50 dọ́là lé iye PS5 ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ.

Ẹ wo bí ayé ti yí padà. Nígbà tí PS2 dé Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, 299 dọ́là ni. Ní ọdún 2002 ó wá sí 199, ní ọdún 2009 ó sì di 99. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pẹ́ lọ́jà ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀, tí ẹni tí kò lówó púpọ̀ yóò fi ní sùúrù títí yóò fi kàn án. Ní ìsinsìnyí, ẹni tí ó ní sùúrù ni ó ń san owó jù.

ÌJÀ WỌN KÒ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

Àwọn ọmọ wa tí ń jà lórí Sony àti Nintendo kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di alájọṣe nígbà kan rí. Sony ni ó yẹ kí ó bá Nintendo ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa lo CD. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 1991, ní ibi ìpàtẹ ọjà kan ní ìlú Chicago, Sony kéde àdéhùn náà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, Nintendo kéde pé Philips ni òun yóò bá ṣiṣẹ́. Ojú ti Sony. Ẹnjiníà wọn kan tí ń jẹ́ Ken Kutaragi kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1994, PlayStation jáde ní Japan. Ẹni tí a lé kúrò nídìí ọjà ni ó padà wá gba ọjà.

Ní ìgbà náà, Sega ni orogún tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Saturn ti Sega ti jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú PlayStation. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, ní ìpàtẹ E3 ní Los Angeles, Sega kéde pé 399 dọ́là ni Saturn. Nígbà tí ó kan Sony, ọ̀gá wọn kan gun orí pèpéle, ó pe iye owó kan ṣoṣo, 299, ó sì padà lọ jókòó. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ibẹ̀. Ní ọdún 2001, Sega fi ṣíṣe ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn tí Dreamcast rẹ̀ kò tà tó bí wọ́n ti rò.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n bá ń ka iye agbára ẹ̀rọ lórí ìka wọn. PS2 ni ẹ̀rọ géèmù tí ó tà jùlọ láyé, ó ju mílíọ̀nù 155 lọ. Xbox tí ó jáde ní ọdún 2001 lágbára jù ú lọ, síbẹ̀ kò bá a dọ́gba. Wii tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 2006 ni ó kéré jù lágbára nínú àwọn mẹ́ta ìgbà tirẹ̀, ó sì tà ju mílíọ̀nù 101 lọ, ó fi PS3 àti Xbox 360 sílẹ̀ sẹ́yìn. Agbára dára, ṣùgbọ́n iye owó, irú géèmù tí ó wà fún un, àti irú ènìyàn tí a ó bá ta á ni ó sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò borí.

BÍ Ó ṢE RÍ LỌ́DỌ̀ WA

Ní Èkó, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1990 yóò rántí ẹ̀rọ ńlá tí a ń jù owó sínú rẹ̀, àti géèmù Capcom ti ọdún 1993 tí gbogbo wa ń pè ní Mustapha nítorí ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Sega àti Nintendo tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sínú káséètì rẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni PlayStation wá, pàápàá PS2, tí ó kún ọjà Aláàbà àti Computer Village ní Ìkẹjà. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọn oníṣẹ́ ti tú, tí wọ́n fi nǹkan sínú rẹ̀ kí ó lè gba CD àdàkọ. Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jí tà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ọ̀nà yẹn ni PlayStation fi wọ ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ géèmù lẹ́nu àwọn kan.

Bọ́ọ̀lù ni ó sì fi gbòǹgbò rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Winning Eleven ti Konami, tí ó di PES, tí ó sì ń jẹ́ eFootball láti ọdún 2021. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọlẹ́yìn FIFA ti EA, tí orúkọ rẹ̀ di EA Sports FC ní ọdún 2023. Ẹ yà sí ilé géèmù ní àdúgbò Ajah, ẹ óò rí i bí ó ṣe rí: bẹ́ńṣì, tẹlifíṣọ̀n, pádì méjì, ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí ìdúró. A ń sanwó lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ nílé ń di ọ̀gá níbẹ̀. Nínú ẹ́sítéètì ní Lẹ́kì, ẹ̀rọ wà nínú ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni: ohun tí ọ̀rẹ́ mi ní ni èmi náà fẹ́ ní, kí á lè jọ gbá a.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ PlayStation bá sọ pé ti òun ni ó dára jù, ohun tí ó ń sọ ní òtítọ́ ni pé, "Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ní i." Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwọ̀n ni. Láti FIFA 23, tí ó jáde ní ọdún 2022, ẹni tí ó ní PS5 lè bá ẹni tí ó ní Xbox Series gbá bọ́ọ̀lù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní Switch kò sí nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣe ètò yìí. Ọmọ Xbox ní tirẹ̀ yóò ní owó oṣooṣù tí a ń san fún Game Pass ń ṣí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ géèmù lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní máa ra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni òun náà ń sọ, bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá dára.

ỌMỌ NINTENDO ÀTI Ọ̀RỌ̀ INÁ

Ọmọ tí ó fẹ́ Switch 2 kì í pọ̀ ní àdúgbò wa, wọn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé géèmù ọmọ ọwọ́ ni ó ń gbá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ó ní, "Bí NEPA bá mú iná lọ, tiyín kú. Tèmi ń bẹ lọ́wọ́ mi." Switch 2 ní bátìrì nínú, ó lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì sí mẹ́fà àbọ̀, gẹ́gẹ́ bí géèmù tí a ń gbá lórí rẹ̀ bá ti wúwo tó. A lè gbé e lọ sínú mọ́tò nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá wa dúró láti Jakande dé Ajah.

PS5 ń jẹ iná bí 200 wáàtì nígbà tí a bá ń gbá géèmù ńlá lórí rẹ̀, láìka tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A sí 225 náírà fún wákàtí kílówáàtì kan. Ní iye yẹn, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 180 náírà fún ẹ̀rọ náà nìkan, èyí tí ó ju 5,000 náírà lọ lóṣù. Bí ó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà ní Èkó di 488 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún ń gòkè lẹ́yìn náà. Ilé tí ó ń fi epo gbá bọ́ọ̀lù ń gbá bọ́ọ̀lù olówó iyebíye. Síwájú sí i, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ lójijì lè ba ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ jẹ́. Nítorí náà, iye owó tí a kọ sára páálí ẹ̀rọ kì í ṣe gbogbo iye rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra PS5 ní àdúgbò tí iná kò dúró ti ra ẹ̀rọ amúnádúró mọ́ ọn láìmọ̀.

Ọ̀RỌ̀ CD, IBI TÍ ÌJÀ WÀ GAN-AN

Ohun tí a ti sọ bọ̀ yìí ni àwọn ọmọ ń jà lé lórí. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n jà lé lórí, tí àwọn díẹ̀ nínú wọn ti ń sọ, ni ọ̀rọ̀ CD.

Láti ìgbà PS4 tí CD àdàkọ kò ti rọrùn mọ́, CD gidi di ohun iyebíye lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọmọ kan yóò ra géèmù kan, yóò gbá a dé òpin, yóò fi ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Badore tàbí ní Àgúngì, tàbí kí ó tà á kí ó fi díẹ̀ kún un ra òmíràn. CD kan lè wọ ilé mẹ́wàá. Owó tí òbí kan ná ń ṣe àwọn ọmọ òbí mẹ́sàn-án mìíràn láǹfààní, àwọn náà sì ń san án padà pẹ̀lú CD tiwọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Irú àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá ní ọjà ni àwọn ọmọ ń dá, láìpè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe géèmù kò fẹ́ràn ètò yìí, nítorí pé wọn kì í rí kọ́bọ̀ nínú CD tí a tún tà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, Microsoft kéde pé Xbox One tí òun fẹ́ gbé jáde gbọ́dọ̀ máa kàn sí íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24 ó kéré tán, àti pé CD kò ní ṣeé yá ẹlòmíràn tàbí tà fún un bí ó ti wu ẹni tí ó ni ín. Sony fi fídíò kékeré kan dá wọn lóhùn. Ọ̀gá kan na CD sí ọ̀gá kejì, ìyẹn gbà á, ó dúpẹ́, ó parí. Bí a ṣe ń yá ara wa ní géèmù lórí PS4 nìyẹn. Ayé hó yèè. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Microsoft fi jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ PS4 ti gba iwájú, ó sì tà ju mílíọ̀nù 117 lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí a lé jáde ní ojú ọ̀nà iwájú ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, PS5 jáde ní oríṣi méjì. Èyí tí ó ní ojú CD jẹ́ 499.99 dọ́là, èyí tí kò ní jẹ́ 399.99. Xbox Series S, tí ó jẹ́ 299.99 dọ́là, kò ní ojú CD rárá. PS5 Pro ti ọdún 2024, pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, kò ní in; ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò lọ ra á lọ́tọ̀ ní 79.99 dọ́là. Ní ti Switch 2, àwọn géèmù kan wà tí a ń tà nínú páálí, ṣùgbọ́n káàdì inú rẹ̀ dà bí kọ́kọ́rọ́ lásán. A lè yá ọ̀rẹ́ wa, a sì lè tà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi dátà tirẹ̀ fa géèmù náà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù ńlá kan lè tó 100 gígábáìtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dátà mọ ohun tí mo ń wí.

Ìṣòro mìíràn tún wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú CD, ọjà kan ṣoṣo ni ó ní, ìyẹn ọjà ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n bá sọ ni iye, kò sí ìnájà. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kò sì sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Sony ṣí ọjà PlayStation fún ní tààrà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí ń gbé Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń ra káàdì owó lọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Sony pàṣẹ pé àwọn tí ń gbá Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PlayStation, wọ́n sì dá títa géèmù náà dúró ní ju 170 orílẹ̀-èdè àti agbègbè tí ètò náà kò dé. Ariwo pọ̀, Sony sì fagi lé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ohun tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè bọ́ lọ́wọ́ wa nípa àṣẹ ẹni tí ó jìnnà. Àwọn báǹkì wa náà ti fi irú rẹ̀ hàn wá. Ní ọdún 2022, púpọ̀ nínú wọn sọ iye tí a lè fi káàdì náírà ná ní òkè òkun di 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá fún ìgbà pípẹ́. CD tí ó wà nínú àpótí ọmọ rẹ kò bèèrè káàdì báǹkì.

OWÓ NÁÀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2020, nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí 380 náírà ní iye ti ìjọba, 500 dọ́là PS5 jẹ́ 190,000 náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù nígbà náà jẹ́ 30,000, nítorí náà owó oṣù mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba jẹ́ kí náírà máa lọ bí ọjà bá ti gbé e. Bí a bá fi 1,500 náírà ṣírò dọ́là kan, 450 dọ́là Switch 2 jẹ́ 675,000 náírà, 700 dọ́là PS5 Pro sì jẹ́ 1,050,000, kí ẹni tí ó gbé e wọlé tó fi owó ẹrù àti èrè tirẹ̀ lé e. Owó oṣù tí ó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹni tí ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí ó tó ra Switch 2, láìjẹun, láìwọkọ̀.

Èyí ni ó mú kí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ ìdílé. PS4 tí ó ní ojú CD, tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa, ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ CD rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ọmọ lè sọ pé ó ti di àgbà. Àgbà tí ó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ sàn ju ọ̀dọ́ tí kò ní ẹni tí yóò bá a ṣeré lọ.

ILÉ NI À Ń WÒ

Àwọn bàbá wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ilé kí a tó ra ẹ̀rọ. Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ pe ọmọ náà jókòó, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí. Inú rẹ̀ yóò dùn pé ẹ fẹ́ gbọ́ tẹnu òun, ẹ óò sì mọ̀ bóyá ó ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

Àkọ́kọ́, ta ni yóò máa bá ọ gbá a? Kí ó dárúkọ wọn, kí ó sì sọ ẹ̀rọ tí wọ́n ní. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin bá ní PS4 tàbí PS5, Xbox tí ó lágbára jù lọ yóò jẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́nì kan.

Èkejì, ṣé ó ní ojú CD? Bí kò bá ní, èló ni a óò máa ná lórí géèmù lọ́dún, níbo ni a óò sì ti máa rà á? Ẹ̀rọ tí ó fi 100 dọ́là dínwó lónìí lè gba owó náà padà láàárín géèmù méjì tàbí mẹ́ta. Mario Kart World tí ó bá Switch 2 jáde jẹ́ 79.99 dọ́là fún ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹta, iná wo ni yóò lò? Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀, ta ni yóò sì ra epo?

Ẹ̀kẹrin, géèmù wo ni, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n sì ṣe é fún? Ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Àwọn tí ó wá láti Yúróòpù ní nọ́ńbà PEGI lára: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Grand Theft Auto V tí àwọn ọmọ ọdún méjìlá ń bèèrè jẹ́ 18. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ibi tí òbí lè ti fi ìdènà sí i, tí ó sì lè pín wákàtí fún ọmọ. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á, kí ó má di ọ̀la.

Ẹ̀karùn-ún, níbo ni a óò gbé e sí? Pálọ̀ ni ó dára jù. Ẹ̀rọ tí ó wà ní yàrá ọmọ yóò mú ọmọ náà kúrò láàárín yín. Ẹ̀rọ tí ó wà ní pálọ̀ yóò mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí abẹ́ ojú yín, ẹ óò mọ ọmọ ta ni wọ́n, ẹ óò sì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá jẹ gólù.

Mo fẹ́ kí ẹ ro èyí tí ó kẹ́yìn yìí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ẹ́sítéètì. Nígbà tí CD ṣì ń lọ láti ilé dé ilé, ọmọ ní láti kan ilẹ̀kùn ọmọ ẹlòmíràn. Yóò kí bàbá àti ìyá ibẹ̀. Yóò kọ́ bí a ṣe ń tọrọ nǹkan, bí a ṣe ń tọ́jú ohun tí a yá, àti bí a ṣe ń dá a padà láìfi ìbúra sí i. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ẹ̀rọ yóò mú CD kan tí ó rà pẹ̀lú owó tí ó kó jọ, yóò sì di àlejò pàtàkì nílé ẹni tí ó ní ẹ̀rọ. Ọmọ Láńgbàsà àti ọmọ Lẹ́kì Phase 1 ń jókòó lórí àga kan náà. Bí gbogbo géèmù bá wá di ohun tí a ń fà wálẹ̀ láti òkè, tí olúkúlùkù fi orúkọ tirẹ̀ tì í pa sínú yàrá tirẹ̀, ọmọ tí yóò kọ́kọ́ pàdánù ni ọmọ tí kò ní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa jiyàn yín lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Kò sí èyí tí ó mọ̀ yín nínú Sony, Nintendo àti Microsoft, ọ̀rẹ́ tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí burúkú lórí Xbox ni ó mọ̀ yín. Ẹ má fi àìní ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ sì rántí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti kúrò ní ẹni tí ń gbá géèmù nìkan, wọ́n ti di ẹni tí ń ṣe é. Maliyo Games ti ń ṣe géèmù orí fóònù ní Èkó láti ọdún 2012. Ẹni tí ó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀rọ kan fi dára ju èkejì lọ ti ní ìmọ̀ tí ó lè fi kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọdún bá ń sún mọ́lé, ẹ pe àwọn òbí ọ̀rẹ́ ọmọ yín lórí fóònù kí ẹ tó lọ sí ọjà. Bí ìdílé mẹ́ta bá fohùn ṣọ̀kan pé oríṣi ẹ̀rọ kan náà ni àwọn yóò rà, tí ó ní ojú CD, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ra CD tí ó yàtọ̀, àwọn ọmọ yóò ní géèmù mẹ́ta lówó ẹyọ kan, wọn yóò sì ní ilé mẹ́ta tí wọ́n lè yà sí.